Ẹnu-ọ̀nà àti Ẹni tí Ń Dán an Wò: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Aṣínà Lórí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nínú ìwé ọdọọdún yìí lè dàbí ohun àjèjì lójú ẹni tí ó bá rò pé ìtàn ogun, ìtàn oyè àti ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ìlú nìkan ni ó yẹ ẹgbẹ́ onímọ̀ èdè. Ṣùgbọ́n ekukáká ni a ó fi rí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan lónìí tí kò tíì dúró rí ní ẹnu-ọ̀nà kan lórí kọ̀ǹpútà, kí ó kọ orúkọ rẹ̀, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọlé. Ta ni ó gbé irú ẹnu-ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kalẹ̀? Kí ni ó fà á? Báwo sì ni àwọn tí ó ṣe é ṣe ń mọ̀ pé ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ? Ìbéèrè kẹta yìí ni mo fẹ́ kí á tẹpẹlẹ mọ́ jù. Lóde òní, ẹ̀rọ ni wọ́n ń rán láti lọ dán irú ẹnu-ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wò lójoojúmọ́, ìdánwò náà a sì máa kùnà lọ́nà tí ń rú àwọn oníṣẹ́ náà lójú. Èrò mi ni pé àwọn ohun tí ń mú un kùnà kì í ṣe tuntun. Púpọ̀ nínú wọn ti fojú hàn láti ìgbà èwe ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹni tí ó bá sì mọ ìtàn wọn yóò tètè mọ ibi tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò.

Ọ̀rọ̀ aṣínà ti wà kí á tó ronú kan ẹ̀rọ. Nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí kejìlá, a kà nípa àwọn ará Gílíádì tí wọ́n gba àwọn ìwọdò Jọ́dánì, tí wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ré odò kọjá pe ọ̀rọ̀ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró ṣ. Àwọn ará Éfúráímù kò lè pe ìró náà. S ni ó ń jáde lẹ́nu wọn, wọ́n sì ń fi ẹ̀mí wọn dí i. Ìwé náà sọ pé 42,000 ni ó kú. Kò yẹ kí ìtàn yìí ṣòro fún wa láti lóye, nítorí pé irú ààlà bẹ́ẹ̀ wà nínú èdè tiwa pẹ̀lú: a mọ̀ pé lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn, isu ni iṣu ń jẹ́. Bí a bá gbé ẹ̀ṣọ́ Gílíádì yẹn wá sí ẹnu ibodè kan ní ilẹ̀ wa, ọmọ Ìbàdàn tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kàgbákò. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ẹnu-ọ̀nà kì í rí ènìyàn. Àmì ni ó ń rí. Bí àjèjì bá mú àmì náà lọ́wọ́, yóò wọlé. Bí ọmọ ilé bá gbàgbé tirẹ̀, ìta ni yóò sùn.

Àwọn ará Róòmù pẹ̀lú ń lo ọ̀rọ̀ aṣínà nínú ibùdó ogun wọn. Polybius, òpìtàn ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì, ṣàlàyé pé wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ alẹ́ náà sára pátákó kékeré, pátákó yìí yóò sì máa ti ọwọ́ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì títí yóò fi padà sọ́dọ̀ ọ̀gágun kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmì wà lára pátákó kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan kò bá padà, ọ̀gágun kì í bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀sùn kan gbogbo ibùdó. Àmì náà ni yóò jẹ́ kí ó mọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti há. Kí á fi ọgbọ́n yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún padà bá a.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ní àwọn ọdún 1950, oníṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ńlá sábà máa ń dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Oníṣẹ́ a lu ihò sára páálí, a kó páálí náà fún àwọn òṣìṣẹ́ inú yàrá ẹ̀rọ, a sì lọ dúró de èsì fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, fi ètò kan hàn lórí ẹ̀rọ IBM 709. CTSS ni wọ́n pe ètò náà. Ó ń pín àkókò ẹ̀rọ náà wẹ́wẹ́ fún àwọn ènìyàn púpọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí olúkúlùkù fi ń rò pé òun nìkan ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń gbé inú agbo-ilé kan, olúkúlùkù yóò fẹ́ yàrá tirẹ̀, yàrá yóò sì fẹ́ kọ́kọ́rọ́. Olúkúlùkù ní àwọn ìwé tirẹ̀ tí ó kó pamọ́ sínú ẹ̀rọ náà, ó sì ní ìwọ̀n àkókò tí wọ́n bù fún un; nítorí náà, wọ́n fún olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Kì í ṣe ìbẹ̀rù ọ̀tá ni ó bí i. Gbígbé pọ̀ ni ó bí i.

Kò pẹ́ kí wọ́n tó borí ọgbọ́n náà. Ní ọdún 1962, Allan Scherr, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, rí i pé wákàtí mẹ́rin tí wọ́n bù fún òun lọ́sẹ̀ kò tó iṣẹ́ tí òun ń ṣe. Ó mọ̀ pé bí ènìyàn bá fi páálí bèèrè pé kí wọ́n tẹ ìwé kan jáde, àwọn òṣìṣẹ́ yóò tẹ̀ ẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó bèèrè ìwé tí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó di òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ mú un níbi tí wọ́n ń kó èsì sí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ìtàn yìí ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Kò fọ́ ilẹ̀kùn, kò sì méfò ọ̀rọ̀ aṣínà ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó ṣe ilẹ̀kùn náà dán ojú ọ̀nà wò, wọn kò dán ẹ̀yìnkùlé wò. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó tẹ̀lé èyí, láàrin àwọn ọdún 1960, tún ya ni lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kò sí olè kankan nínú rẹ̀. Ètò ìkọ̀wé kan wà lórí CTSS tí ó máa ń ṣí ìwé fún ìgbà díẹ̀ bí ènìyàn bá ń tún nǹkan kọ. Orúkọ kan náà ni ó ń fún irú ìwé ìgbà díẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí pé nígbà tí wọ́n ṣe é, ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n rò pé yóò máa ṣiṣẹ́ nínú àpò ìwé kan lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba àwọn alábòójútó láàyè láti jọ máa lo àpò kan. Ní ọjọ́ kan, alábòójútó kan ń tún ìkíni tí ẹ̀rọ ń kí àwọn tí ń wọlé kọ, èkejì sì ń tún ìwé ọ̀rọ̀ aṣínà kọ ní àkókò kan náà. Ìwé méjèèjì pàdé lábẹ́ orúkọ kan, wọ́n sì gba ipò ara wọn. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tí ó bá wọlé ni ẹ̀rọ ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo ènìyàn kí. Corbató sọ ìtàn náà nígbà tí wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Turing ti ọdún 1990. Ohun tí ó yẹ kí á kíyè sí ni pé kò sí èyí tí ó ṣàṣìṣe nínú àwọn alábòójútó méjèèjì bí a bá wo iṣẹ́ olúkúlùkù lọ́tọ̀. Ìpàdé wọn ni ó di ẹ̀bi.

Àwọn ọlọ́gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé, bí ó bá ṣe pé ìwé ọ̀rọ̀ aṣínà yóò máa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sàn kí ìwé náà má wúlò fún ẹni tí ó bá rí i. Ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Roger Needham ronú ọ̀nà kan tí Maurice Wilkes ṣàlàyé nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1968. Ọ̀nà náà ni pé kí ẹ̀rọ má ṣe tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà gan-an, bí kò ṣe lílọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ẹ̀lùbọ́ yóò lóye èyí láìsí ìṣòro: a lè lọ èlùbọ́ láti ara iṣu, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ ẹ̀lùbọ́ di iṣu padà. Bí onílé bá dé, ẹ̀rọ yóò tún lọ ọ̀rọ̀ tí ó mú wá, yóò sì wò ó bóyá ìyẹ̀fun méjèèjì bára mu.

Ní ọdún 1979, Robert Morris àti Ken Thompson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs lórí ètò Unix, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí tí ó yẹ kí gbogbo òpìtàn ẹ̀rọ kà. Wọ́n kó 3,289 ọ̀rọ̀ aṣínà tí àwọn ènìyàn fúnra wọn yàn jọ. Wọ́n rí i pé 86 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kúrú jù tàbí tí ó wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè àti àkójọ orúkọ, tí ẹ̀rọ sì lè méfò rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n mú kí lílọ̀ náà lọ́ra, wọ́n sì fi ohun kan kún un tí àwọn fúnra wọn pè ní iyọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan fi lè di ìyẹ̀fun lọ́nà 4,096. Wọ́n tún sọ ohun kékeré kan tí ó jinlẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, bí orúkọ tí àlejò dá kò bá sí nínú ìwé, ẹ̀rọ kì í wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti lọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀; kíá ni yóò lé e. Ẹni tí ó bá ń ka ìṣẹ́jú-àáyá yóò tipa bẹ́ẹ̀ mọ orúkọ tí ó wà nílé àti èyí tí kò sí. Wọ́n tún un ṣe kí ìdáhùn méjèèjì gba àkókò kan náà. A rí i níhìn-ín pé ẹnu-ọ̀nà lè pa ẹnu mọ́, kí ìṣe rẹ̀ sì sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1988, Robert Tappan Morris, ọmọ bíbí Robert Morris tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ, tu ètò kan sílẹ̀ tí ń dá ara rẹ̀ kọ láti orí kọ̀ǹpútà kan dé èkejì. Ètò náà gbé àkójọ 432 ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí ó fi ń méfò ọ̀rọ̀ aṣínà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ó gbà wọlé ni ó kan ọ̀rọ̀ wa jù. Nínú ètò sendmail tí ń gbé lẹ́tà kiri, àyè kan wà tí wọ́n ṣe kí àwọn oníṣẹ́ lè fi wá àṣìṣe. Nígbà tí wọ́n pín ètò náà kiri, ọ̀pọ̀ kò ti àyè náà. Ibẹ̀ ni kòkòrò náà gbà wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ní tòótọ́, ẹni tí ó fẹ́ yẹ ògiri wò ni ó la ẹnu fún un.

Nígbà tí Tim Berners-Lee dá ojú-ewé ayélujára sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí CERN láàrin ọdún 1989 sí 1991, ìṣòro mìíràn yọjú. Kọ̀ǹpútà tí ń pèsè ojú-ewé kì í rántí ẹni. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan dà bí àlejò tuntun; ẹni tí ó fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ hàn ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ti di ẹni tí a kò mọ̀ rí. Ní ọdún 1994, Lou Montulli, ní ilé-iṣẹ́ Netscape, ṣe àmì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kúkì. Kọ̀ǹpútà tí a bẹ̀ wò yóò fún bùráúsà wa ní àmì yìí, bùráúsà yóò sì máa mú un padà wá ní gbogbo ìgbà tí ó bá tún kan ìlẹ̀kùn. Láti ìgbà náà ni ó ti jẹ́ pé lẹ́yìn ìwọlé àkọ́kọ́, kì í sábà ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà ni ẹnu-ọ̀nà ń bi wá mọ́. Kúkì ni ó ń wò.

Bí àwọn ìlẹ̀kùn yìí ti ń pọ̀ sí i, ọwọ́ ènìyàn kò ká dídán wọn wò mọ́. Kent Beck kọ ètò kan fún ìdánwò aládàáṣe ní èdè Smalltalk, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1994. Ní ọdún 1997, òun àti Erich Gamma kọ JUnit nínú ọkọ̀ òfuurufú láti Zurich lọ sí Atlanta. Ní ọdún 2004, Jason Huggins, ní ilé-iṣẹ́ ThoughtWorks ní Chicago, ṣe Selenium, tí ó ń tẹ bọ́tìnnì tí ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ sójú-ewé bí ẹni pé ènìyàn ni. Nítorí pé inú ojú-ewé ni Selenium àkọ́kọ́ ń gbé, òfin ààbò bùráúsà kì í jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ojú-ewé ìkànnì mìíràn. Bí ilé kan bá sì fi ìlẹ̀kùn rẹ̀ sí ìkànnì ọ̀tọ̀, ìdánwò náà yóò há sí ìta. Ètò WebDriver tí Simon Stewart bẹ̀rẹ̀ ni ó yanjú èyí, nítorí pé láti ìta ni ó ti ń darí bùráúsà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2018, W3C, àjọ tí ń ṣètò ìlànà ayélujára, fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ìlànà gbogbo ayé.

Wàyí o, bí ẹ̀rọ tí a rán bá padà wá wí pé, "Wọn kò jẹ́ kí n wọlé," níbo ni kí á ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí? Ohun àkọ́kọ́ ni kí á gbọ́ ohun tí ẹnu-ọ̀nà wí gan-an. Bí ó bá fèsì 401, a jẹ́ pé kò tíì mọ ẹni tí ó ń kanlẹ̀kùn. Bí ó bá fèsì 403, ó gbọ́ ohun tí a bèèrè, ṣùgbọ́n kò gbà fún wa. Ìgbà mìíràn sì wà tí kì í sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, tí ó kàn ń fi ẹ̀sọ̀ dá àlejò padà sí ojú-ewé ìwọlé, tí ó sì ń fèsì 200, èyí tí ó túmọ̀ sí pé gbogbo rẹ̀ dára. Ìdánwò tí kò bèèrè ju pé "Ǹjẹ́ ojú-ewé kan dé?" yóò yọ̀ níbi tí ó ti yẹ kí ó banú jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, kí á lo ọgbọ́n pátákó àwọn ará Róòmù. Kí á tọ ìrìn àmì náà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ǹjẹ́ wọ́n fún bùráúsà ní kúkì? Ǹjẹ́ bùráúsà gbà á? Ǹjẹ́ ó mú un padà wá? Kúkì tí wọ́n sàmì sí pé ojú ọ̀nà ààbò nìkan ni kó máa gbà kò ní tẹ̀lé ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà lásán. Ní ọdún 2020, nígbà tí bùráúsà Chrome mú òfin le lórí kúkì tí ń ti ìkànnì kan lọ sí èkejì, àwọn ìlẹ̀kùn kan tí ń ṣí tẹ́lẹ̀ kò ṣí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ni wọ́n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tí kò bá tọ ìrìn àmì náà yóò máa wá ẹ̀bi nínú iṣẹ́ ara rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹ̀kẹta ni àkókò. Ẹ̀rọ yára ju ojú-ewé lọ. Ó lè tẹ bọ́tìnnì tí kò tíì jáde. Àwọn kan a ní kí ẹ̀rọ kàn sinmi fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá rẹ̀, márùn-ún kò ní tó, ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá sì le, a ti fi àkókò ṣòfò. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó dúró de ohun tí ó ń retí, kí ó má ṣe dúró de aago. Níbi tí ìlẹ̀kùn bá sì ń bèèrè nọ́ńbà tí ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2011, kí á wò ó bóyá aago ẹ̀rọ méjèèjì bára mu.

Ẹ̀kẹrin ni ìṣòro CTSS gan-an. Ìdánwò kan yóò yege bí ó bá dá nìkan lọ, yóò sì kùnà bí ó bá bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rìn. Níbi tí a bá ti rí èyí, kí á bèèrè ohun tí wọ́n jọ ń lò. Bóyá orúkọ oníbàárà kan náà ni wọ́n ń jẹ́, tí ọ̀kan yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà nígbà tí èkejì ń wọlé. Kí á fún olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀ àti bùráúsà tirẹ̀. Láti ìgbà tí ìkíni àti ìwé ọ̀rọ̀ aṣínà ti pàdé lábẹ́ orúkọ kan ni ẹ̀kọ́ yìí ti wà níwájú wa.

Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí àwọn ènìyàn ń gbàgbé jù. Ìdánwò tí kò mú ọ̀rọ̀ aṣínà tí kò tọ̀nà dání rí kò tíì dán ìlẹ̀kùn wò. Ó kàn bá a kọjá ni. Kí á rán ẹ̀rọ lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ èké, kí á sì rí i pé wọ́n lé e padà. Bákan náà, kí á rán onílé tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀, irú ọmọ Ìbàdàn ìgbà náà, kí á sì rí i pé wọ́n gbà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ló kù. Ní ọdún 2003, Luis von Ahn, Manuel Blum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí CAPTCHA, ìdánwò tí ènìyàn lè yege tí ẹ̀rọ kò sì lè yege nígbà náà. Wọ́n fi í sẹ́nu ìlẹ̀kùn kí ó lè lé àwọn ẹ̀rọ apanilára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ẹni tí a rán láti dán ìlẹ̀kùn náà wò! Ìlẹ̀kùn tí ó bá gbà á wọlé kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá lé e kò ṣeé dán wò. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ fi ń la ẹnu-ọ̀nà kékeré sẹ́yìn, èyí tí kì í bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ olùdánwò. Kò sí aburú nínú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà nínú ilé ìdánwò nìkan, tí kò sì lè bá ìlẹ̀kùn náà dé ìgboro. Bí ó bá dé ìgboro, ọ̀rọ̀ ọdún 1988 ni yóò tún ṣẹlẹ̀. Ìwé-ẹ̀kọ́ ọmọ, owó àgbà àti àṣírí aláìsàn wà lẹ́yìn irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Olè kì í sì í bèèrè bóyá nítorí olùdánwò ni wọ́n ṣe la ògiri.

Iṣẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún àwa onímọ̀ èdè pẹ̀lú. Orúkọ tí àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ìlànà ayélujára fún èsì 401 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àlejò kò ní àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ohun tí èsì náà ń sọ gan-an ni pé a kò tíì mọ ẹni tí ó jẹ́. Àdàlù orúkọ yìí ti wà nínú ìlànà HTTP ti ọdún 1996, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Mímọ ènìyàn yàtọ̀ sí fífún un láyè. Ẹni tí ó ń jókòó sẹ́nu ibodè ní ilẹ̀ wa láyé àtijọ́ kò jẹ́ ṣi ọ̀kan pè ní èkejì: "Ta nìyẹn?" ni yóò kọ́kọ́ wí, ìgbà tí ó bá gbọ́ orúkọ ni yóò tó sọ bóyá kí ó máa bọ̀ tàbí kí ó padà. Bí àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń kọ ẹnu-ọ̀nà fún ìkànnì èdè Yorùbá, ẹ jẹ́ kí á bá wọn wá ọ̀rọ̀ tí yóò ya méjèèjì sọ́tọ̀ gbangba, kí ẹni tí ó dúró níta lè mọ̀ bóyá orúkọ rẹ̀ ni wọn kò gbọ́, tàbí àyè ni kò sí fún un.